Búrẹ́dì, Bọ́ọ̀lù, Kóòtù, Rélùwéè: Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣe Ń Kọ́ Fọ́tò Ìròyìn ní Agége àti Ìkẹjà

  Gbogbo ohun tí mo sọ nínú ètò ọ̀sẹ̀ yìí la kọ sílẹ̀ báyìí, fún àwọn tí dátà wọn kò lè gbé ohùn, àti fún ẹ̀yin tí ẹ ní mo máa ń sọ̀rọ̀ yára jù. Mo gbọ́.

Ọ̀rọ̀ tòní, ti akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ máa ya fọ́tò ìròyìn ni. N kò sọ ti fọ́tò ọjọ́ìbí, n kò sì sọ ti àwọn ọkọ ìyàwó tó ń sáré lórí koríko ní GRA. N kò bú wọn o, owó wà níbẹ̀, a ó padà dé ọ̀dọ̀ wọn. Fọ́tò ìròyìn ni èyí tí ẹni tí kò sí níbẹ̀ máa wò, tó sì máa mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí, àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ yín ló ń béèrè pé irú kámẹ́rà wo ni kí ẹ rà. Ìbéèrè tó ṣáájú ìyẹn ni mo fẹ́ dáhùn: irú iṣẹ́ wo ni kí ẹ máa gbà nígbà tí ẹ ṣì wà nílé ẹ̀kọ́?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò jìnnà sí wa. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá ọdún 2006, ọjọ́ kejì Kérésìmesì, páìpù epo gbiná ní Abúlé Ẹ̀gbá. Àwọn kan ti lu páìpù náà lóru, àwọn ará àdúgbò sì ń gbọ́n epo níbẹ̀ kí iná tó sọ. Èèyàn tó kú lé ní igba. Akintunde Akinleye, tó ń yàwòrán fún Reuters nígbà náà, lọ síbẹ̀. Fọ́tò rẹ̀ tí gbogbo ayé wá mọ̀, kì í ṣe ti iná. Kì í ṣe ti òkú. Ọkùnrin kan ló ń fi omi ṣan ìdọ̀tí èéfín kúrò lójú ara rẹ̀, tí èéfín sì bo ẹ̀yìn rẹ̀. Ní 2007, fọ́tò yẹn gba ẹ̀bùn World Press Photo, Akinleye sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ máa tẹ̀ lọ́wọ́.

Mo fẹ́ kí ẹ ronú sí i dáadáa. Èéfín ń yọ, àwọn èèyàn ń ké, gbogbo ojú wà lára iná. Ta ló máa ráyè wo ẹni tó ń bọ́jú? Ọkùnrin yẹn ló sì gbé gbogbo ọ̀rọ̀ náà dání: ó yè, àwọn mìíràn kò yè, omi nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú tó rí i kì í ṣe ojú tí wọ́n ń tà ní Computer Village. Ojú tó ti wo ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan kéékèèké ni, tó ti mọ̀ pé ìròyìn kì í sábà wà níbi tí ariwo pọ̀ sí.

Ìdí nìyẹn tí n kò fi gba ti àwọn tó wà lórí YouTube tó ń sọ pé kí ẹ tètè mú ẹyọ kan, kí ẹ dúró síbẹ̀: eré ìdárayá nìkan, oúnjẹ nìkan, aṣọ nìkan. Ìmọ̀ràn ọlọ́jà ni. Ó dára fún ẹni tó ti mọ ohun tó fẹ́ tà. Akẹ́kọ̀ọ́ kò tíì mọ̀ ọ́n. Ẹ wo J.D. 'Okhai Ojeikere, tí wọ́n bí ní 1930. Kámẹ́rà Brownie kékeré ló kọ́kọ́ rà ní 1950. Ní 1954, ó ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò ní iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìròyìn ní Ìbàdàn. Ó dé iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀ náà, lẹ́yìn ìyẹn ló wá sí Èkó wá ṣe iṣẹ́ ìpolówó ọjà. Ọdún 1968 ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí àwọn obìnrin, ṣùkú, kíkó, onírun dídì, èyí tí ayé fi mọ̀ ọ́n títí dòní. Ẹ wo àwọn fọ́tò irun yẹn, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn láti ẹ̀yìn orí ló ti yà á. Ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ mọ́ bíi ti ìpolówó, ó sì tò wọ́n bí ẹni tó ń kọ ìwé ìjọba. Gbogbo iṣẹ́ tó ti ṣe kọjá ló kó jọ síbẹ̀. Sunmi Smart-Cole ńkọ́? Onígbàjámọ̀ ló jẹ́ rí, òun ló sì di olóòtú fọ́tò àkọ́kọ́ fún ìwé ìròyìn The Guardian ní 1983. Ẹni tó ti gé irun fún oríṣiríṣi èèyàn ti mọ bí wọ́n ṣe ń mú kí ara ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀ balẹ̀.

Ó dáa. Ibo la ti máa kọ́ ọ? Ọ̀nà láti Pen Cinema dé Ọba Àkran kò gùn. Gbogbo ẹ̀kọ́ tí ẹ nílò wà lójú ọ̀nà yẹn, owó kẹ̀kẹ́ márúwá nìkan ni ẹ máa san.

Ìdí ààrò búrẹ́dì ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Gbogbo wa la ń jẹ Agége búrẹ́dì, ìwọ̀nba wa ló ti rí i níbi tí wọ́n ti ń ṣe é. Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà tó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Èkó ní 1913, ló sọ búrẹ́dì di òwò ńlá láàárín ìlú láti nǹkan bí 1921, kó tó di pé Agége gba orúkọ mọ́ gbogbo wọn lọ́wọ́. Òru ni wọ́n ń ṣe é. Tí wọ́n bá po ìyẹ̀fun tán, wọ́n á máa ti í gba inú ẹ̀rọ tó ní rólà méjì, léraléra, títí ara rẹ̀ á fi máa dán, tí á máa fà bíi rọ́bà. Ìyẹn ló ń jẹ́ kó wúwo lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá tíì rí ẹ̀rọ yẹn, tí kò sì rí bí ọwọ́ ọmọkùnrin tó ń ti ìyẹ̀fun sínú rẹ̀ ṣe ń sún mọ́ rólà, kò tíì mọ iye tí búrẹ́dì ń ná èèyàn.

Níbẹ̀ ni ẹ ti máa kọ́ ìmọ́lẹ̀. Méjì ló wà: iná pupa láti ẹnu ààrò, àti gílóòbù funfun lókè. Fóònù yín máa fẹ́ tan gbogbo rẹ̀ kó mọ́ bí ọ̀sán gangan, fọ́tò náà á sì dà bíi ti ilé ìtajà. Ẹ fi ìka tẹ ojú ẹni tí ẹ fẹ́ yà lórí skríìnì, kí ẹ wá fa ìmọ́lẹ̀ wálẹ̀ títí òkùnkùn á fi padà sí àyè rẹ̀. Tí ẹ bá ti inú ọkọ̀ tó ní AC bọ́ síbẹ̀, ìrì máa bo lẹ́ńsì. Ẹ má fi aṣọ nù ún kíákíá. Ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà wà nínú báàgì fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ara rẹ̀ mọ ooru ibẹ̀. Ẹ máa fi àkókò yẹn kí àwọn èèyàn. Ẹ bi wọ́n nípa iṣẹ́, ẹ bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí kámẹ́rà á fi jáde, ẹ kì í ṣe àlejò mọ́.

Ìyá kan wà níbi tí mo ti lọ yàwòrán nígbà tí mo wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì. Òun ló ń kó búrẹ́dì sínú ọ̀rá. Mo kúnlẹ̀, mo kí i, mo sọ ohun tí mo bá wá. Ó wo ara rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, báyìí lo fẹ́ yà mí? Ìyẹ̀fun ló kún ojú mi yìí. Jẹ́ kí n lọ wẹ̀, kí n wọ aṣọ gidi." Mo mọ ohun tí wọ́n kọ́ wa nínú kíláàsì: ẹ ya èèyàn bó ṣe wà, ẹ má tò ó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Màmá náà mọ ohun tí òun ń sọ. Fọ́tò máa jáde, ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ máa rí i, àna rẹ̀ máa rí i. Ní ilẹ̀ wa, fọ́tò ni ohun tí wọ́n máa gbé kọ́ sára ògiri, ohun tí wọ́n máa lò ní ọjọ́ tí èèyàn bá lọ. Kò sí ẹni tó fẹ́ kí ti òun jẹ́ ti ìyẹ̀fun.

Mo ṣàlàyé fún un pé ìwé ìròyìn akẹ́kọ̀ọ́ ni, pé mo ń kọ nípa àwọn tó ń jí lóru kí àwa tó jí. Ó ronú díẹ̀. Ó ní, "Ó dáa, ya ọwọ́ mi níbi iṣẹ́. Ojú mi, dúró di ìgbà tí mo bá múra." Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe é. Mo ya ọwọ́ rẹ̀, pẹ̀lú òrùka ìgbéyàwó tí ìyẹ̀fun ti bò, bí àwọn ìka náà ṣe ń dì ọ̀rá láìwò ó. Nígbà tó di aago méje àárọ̀, ó wọ ìró àti bùbá, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, mo ya ojú rẹ̀. Èyí tí olóòtú mú ni ti ọwọ́. Èyí tí mo tẹ̀ jáde ní Ìkẹjà tí mo gbé lọ fún Màmá ni ti ojú. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó dí mi lọ́wọ́ ní ilé búrẹ́dì yẹn. Tí wọ́n bá fẹ́ tún ààrò mọ, wọ́n á pè mí.

Ẹ rántí Olajumoke Orisaguna, ọmọbìnrin tó ń ta Agége búrẹ́dì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2016, TY Bello ń ya olórin Tinie Tempah ní Yàbá, Olajumoke sì kọjá pẹ̀lú agbọ̀n búrẹ́dì lórí. Kò mọ̀ pé wọ́n ń yàwòrán rárá. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán ni ì bá ní kó yà kúrò lọ́nà. TY Bello yà á, nígbà tí àwọn èèyàn sì ń béèrè pé ta ni, ó wá a lọ títí ó fi rí i. Apá ìgbẹ̀yìn yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Ọ̀rọ̀ nípa bó ṣe di mọ́dẹ́ẹ̀lì, ẹ ti gbọ́ ọ.

Ti bọ́ọ̀lù, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Pápá ìṣeré Agége, níbi tí MFM FC ti máa ń gbá tẹ́lẹ̀, kò le láti wọ̀, ó sì máa kọ́ yín ní ìyára. Shutter 1/500 ló kéré jù, 1/1000 ló dára bí oòrùn bá wà. Tí fóònù nìkan ni ẹ ní, ẹ má dá ara yín lágara láti máa fa àwòrán agbábọ́ọ̀lù tó wà ní ọ̀nà jíjìn, gbogbo ojú rẹ̀ á di ẹ̀kọ. Ẹ kọjú sí àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì, ẹ wo kóòṣì nígbà tí wọ́n bá gbá góòlù wọlé, ẹ wo àwọn ọmọ tó ń yọjú láti ara fẹ́ǹsì nítorí wọn kò rówó wọlé. Èmi mọ ẹnì kan tó ya eré bọ́ọ̀lù kan látìbẹ̀rẹ̀ dópin láìya bọ́ọ̀lù rárá. Òun ni wọ́n lo fọ́tò rẹ̀.

Ó yá, iléeṣẹ́. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ ló gé ilẹ̀ Ìkẹjà fún iléeṣẹ́ ńláńlá. Guinness ṣí ilé ọtí rẹ̀ níbẹ̀ ní 1962, Cadbury dé Àgídìngbì ní 1965, Dunlop náà wà níbẹ̀ tó ń ṣe táyà títí di 2008 tó dá a dúró. Ẹni tó bá fẹ́ ya àdúgbò yìí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ohun tó ti lọ pọ̀ níbẹ̀ bí ohun tó kù. Ọgbà tí fèrè ṣíìfù ti ń dún rí, wọ́n lè fi í pa ọjà mọ́ lónìí, tàbí kó jẹ́ ibi ìjọsìn. Fọ́tò ohun tí kò sí mọ́ le láti yà. Ẹ wá ẹni tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nígbà náà, kí ẹ yà á níwájú géètì tó ń wọlé nígbà yẹn. Tó bá ṣì ní káàdì iṣẹ́ rẹ̀ nílé, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó mú un dání.

Láti wọ iléeṣẹ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́, lẹ́tà ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mẹ́rin, kí wọ́n tó dáhùn. Tí wọ́n bá gbà, ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, ẹ di irun yín, ẹ má wọ ìbòrùn tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ nítòsí ẹ̀rọ. Ohun kan tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi nílé ẹ̀kọ́ rèé: iná mànàmáná wa ń lọ ní 50 hertz, gílóòbù gígùn tó wà nínú iléeṣẹ́ sì máa ń ṣẹ́jú ìgbà ọgọ́rùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú wa kò lè rí i, kámẹ́rà ń rí i. Tí shutter bá yára jù, ìlà dúdú á là fọ́tò kọjá. Ẹ gbé e sí 1/100 tàbí 1/50, ìlà náà á lọ.

Èyí tó ju ìlà lọ ni oúnjẹ ẹlòmíràn. Ní aago mẹ́fà àárọ̀, ẹ máa rí àwọn òṣìṣẹ́ ojúmọ́ tó to ìlà níwájú géètì, tí wọ́n ń dúró kí wọ́n pe orúkọ wọn. Ojú ọ̀nà ni ẹ wà, kò sí òfin tó ní kí ẹ má yàwòrán lójú títì. Ṣùgbọ́n tí ojú ọkùnrin kan bá hàn gbangba nínú fọ́tò tó ń sọ pé owó iṣẹ́ kò tó, tí ọ̀gá rẹ̀ bá rí i, wọn kò ní pe orúkọ ẹni yẹn lọ́la. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan tí mo mọ̀, ní iléeṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Kì í ṣe èmi ni mo ya fọ́tò náà, ṣùgbọ́n mo rí ohun tó ná an. Ẹ yà wọ́n láti ẹ̀yìn. Ẹ ya bàtà wọn, ẹ ya ike oúnjẹ tí wọ́n so mọ́ ọwọ́. Tí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ kí ojú òun hàn, ẹ ṣàlàyé ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ fún un kí ẹ tó gbà. Ẹ̀yin á padà sí họ́sítẹ́ẹ̀lì. Òun á padà sí géètì yẹn.

Kóòtù ni ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í fẹ́ lọ, wọ́n ní ó ń múni sùn. Ilé ẹjọ́ gíga Ìkẹjà kò jìnnà sí wa. Wọn kì í jẹ́ kí èèyàn yàwòrán níbi tí adájọ́ jókòó sí, nítorí náà ìta ni iṣẹ́ wà: àtẹ̀gùn, ìloro, ọkọ̀ tó kó ẹlẹ́wọ̀n wá, ìyá tó ń wá ọmọ rẹ̀ láàárín wọn. Ìdúró ni ẹ̀kọ́ ibẹ̀. Wákàtí mẹ́rin fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Ẹ sì mọ òfin kan: òfin tó ń darí ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ní Ìpínlẹ̀ Èkó, bí wọ́n ṣe tún un ṣe ní 2021, sọ pé kí ọlọ́pàá má ṣe máa to àwọn afurasí síwájú oníròyìn mọ́. Wọ́n ṣì ń ṣe é, ẹ̀yin náà ń rí i lórí fóònù yín. Tí wọ́n bá pè yín sí irú rẹ̀, tí wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n kan tó jókòó sílẹ̀ gbójú sókè kí ẹ lè yà á, ẹ rántí pé kò tíì sí adájọ́ tó dá a lẹ́bi. Fọ́tò yẹn á ṣì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tú u sílẹ̀. Ẹ lè kọ̀ láti yà á. Èmi á kọ̀.

Rélùwéè, ẹ ẹ̀ gbọdọ̀ fò ó. Ààrẹ Tinubu ṣí Red Line ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kejì ọdún 2024, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, láti Agbádó, ó gba Ìjú, Agége, Ìkẹjà àti Òṣòdì kọjá lọ sí Oyìngbò. Ọjọ́ ìṣíde, gbogbo ayàwòrán ìlú ló wà níbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù kan, kò sí ẹnì kan. Àkókò yẹn gan-an ni kí akẹ́kọ̀ọ́ dé. Ẹ mú ibùdókọ̀ kan, ẹ máa lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, wákàtí kan náà, igun kan náà, fún ọdún kan. Ẹ wo ohun tó yí padà: ẹni tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin tẹ́lẹ̀, ibo ló lọ? Danfo tó máa ń dúró níbẹ̀ ńkọ́? Fọ́tò kọ̀ọ̀kan lè má dùn. Méjìlá nínú wọn lórí ìlà kan, olóòtú á pè yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró lórí irin nítorí fọ́tò. Ọkọ̀ tuntun yìí kì í pariwo bíi ti àtijọ́.

Níbi tí a dé yìí, mo fẹ́ kí ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa.

Oṣù Kẹwàá 2020, lásìkò EndSARS. Pelumi Onifade, ọmọ ogún ọdún, oníròyìn Gboah TV, lọ sí Oko-Ọba ní Agége, ní àdúgbò tí gbogbo wa ń pè ní Abattoir, ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù náà, láti ròyìn bí àwọn èèyàn ṣe ń ya wọ ibi tí ìjọba kó nǹkan sí. Àwọn òṣìṣẹ́ task force ìpínlẹ̀ mú un. Òbí rẹ̀ wá a káàkiri, nígbà tí wọ́n á fi rí i, òkú rẹ̀ ni wọ́n rí, ní ilé ìgbókùúsí ní Ìkòròdú. Ogún ọdún ni o. Ọjọ́ orí ọ̀pọ̀ ẹ̀yin tó ń gbọ́ mi nìyẹn. Iṣẹ́ tí mo ń sọ láti òwúrọ̀ yìí ni òun náà ń ṣe, ní àdúgbò tí mo ní kí ẹ lọ yìí.

N kò sọ èyí kí ẹ lè sá. Mo sọ ọ́ nítorí àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan wà tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ síta láìsí lẹ́tà, láìsí káàdì, láìsí nọ́ńbà ẹni tí wọ́n lè pè, tí wọ́n á wá máa fún wọn ní máàkì lórí fọ́tò tí wọ́n mú bọ̀. Ẹ béèrè fún lẹ́tà. Tí wọn kò bá fún yín, ìyẹn náà ti jẹ́ ìdáhùn, ẹ lọ ya búrẹ́dì. Níbi tí wàhálà bá wà, ẹ má dá lọ. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan nílé mọ ibi tí ẹ wà, ẹ tan live location fún un lórí WhatsApp, kí ẹ sì jọ fẹnu kò lórí aago tó máa bẹ̀rẹ̀ sí í wá yín bí kò bá gbúròó yín. Kí ẹ tó ya fọ́tò àkọ́kọ́, ẹ ti mọ ọ̀nà méjì tí ẹ lè gbà jáde. Ẹ má dúró sí àárín àwọn tó ń kó ẹrù, nítorí ẹni tó ń mú èèyàn kì í dúró wo kámẹ́rà. Tí ẹni tó ní ìbọn bá ní kí ẹ pa fọ́tò rẹ́, ẹ pa á rẹ́. "Ẹ má bínú, sà" kò dín nǹkan kù lára yín. Fọ́tò tí a bá pa rẹ́, tí a kò bá ya òmíràn sórí káàdì náà, ẹ̀rọ lè gbà á padà. Ẹ yọ káàdì náà, ẹ fi òmíràn sí i.

Ní Ìkẹjà yìí kan náà, bárékè wà, pápákọ̀ òfurufú wà. Òfin tó ń dáàbò bo àṣírí ìjọba, Official Secrets Act ti 1962, lòdì sí kí èèyàn ya àwọn ibi tí wọ́n dáàbò bò láìgba àṣẹ. Ẹ má yà wọ́n láti inú ọkọ̀ pàápàá. Ṣọ́jà kò ní bi yín pé ọdún kelòó lẹ wà.

Ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò, ọ̀pọ̀ ń fi í ṣeré. Mo rò pé òun ló ń fi ìyàtọ̀ sí oníròyìn àti ẹni tó kàn ní kámẹ́rà. Orúkọ, iṣẹ́, ibi, ọjọ́, ohun tó ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí ẹni náà kọ orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ sínú ìwé yín. Ṣọlá lè jẹ́ ọkùnrin, ó lè jẹ́ obìnrin, ẹ má méfò. Ìyá Ìdáyá kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Tí ẹ kò bá rí orúkọ gbà, ẹ kọ ohun tí ẹ rí nìkan. Ẹ má kọ pé ó ń sunkún nítorí ebi tó bá jẹ́ pé ẹkún nìkan ni ẹ rí.

Tí ẹ bá sì dé orí kọ̀ǹpútà, ẹ ṣọ́wọ́. Ẹ lè mú kí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí i díẹ̀, ẹ lè gé etí fọ́tò. Ẹ ẹ̀ gbọdọ̀ yọ ọ̀rá tó wà nílẹ̀, ẹ ẹ̀ gbọdọ̀ fi èéfín kún èéfín. Ní ìdíje World Press Photo ti 2015, ìdá kan nínú márùn-ún àwọn fọ́tò tó dé ìpele tó kángun sí ìkẹyìn ni wọ́n yọ dànù nítorí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Nísinsìnyí tí AI wà nínú gbogbo fóònù, tó ń béèrè lọ́wọ́ yín pé ṣé kí òun yọ ẹni tó wà lẹ́yìn kúrò, ẹ máa dáhùn pé rárá. Ẹ tọ́jú ojúlówó fọ́tò sí ibi méjì. Tí ẹ bá ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi í ránṣẹ́ bíi document, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ WhatsApp á fún un pa, olóòtú á gba èyí tí kò ṣeé tẹ̀.

Owó ńkọ́? Mo ṣèlérí pé a ó padà dé ọ̀dọ̀ ọkọ ìyàwó. Ìwé ìròyìn akẹ́kọ̀ọ́ kì í sanwó, àwọn ìwé ìròyìn ńlá náà lè jẹ yín ní gbèsè fún oṣù mẹ́ta. Ìkómọjáde, ìsìnkú àti ówàḿbẹ̀ ló máa san owó ọkọ̀. Ẹ má tijú gba iṣẹ́ wọn. Ẹni tó bá lè mọ̀, kí ọwọ́ tó wọ àpò, pé ẹ̀gbọ́n ìyàwó fẹ́ náwó, tó ti dúró síbi tó yẹ láìdí olórin lójú, ẹni yẹn á mọ̀ nígbà tí agbẹjọ́rò bá fẹ́ jáde láti kóòtù. Ibi kan náà ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń na fíláàṣì sí àjà dípò ojú èèyàn. Màmá ọlọ́jọ́ìbí kan ló bú mi títí mo fi mọ̀ ọ́n.

Iṣẹ́ àmúrelé rèé, kí ètò wa tó kàn tó jáde. Ẹ mú ibi kan ṣoṣo láàárín Pen Cinema àti Ọba Àkran, ilé búrẹ́dì, ìdí ọkọ̀, ìsọ̀ télọ̀, ohunkóhun. Fọ́tò márùn-ún: ọ̀kan tó fi gbogbo ibẹ̀ hàn, ọ̀kan tó jẹ́ ọwọ́ nìkan, ọ̀kan tó jẹ́ ojú ẹni tí ẹ ti bá sọ̀rọ̀, méjì tó kù, ẹ̀yin ló mọ̀. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ sí abẹ́ ìkọ̀ọ̀kan. N óò mú mẹ́ta nínú yín, a ó jọ wò ó lórí ètò, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ẹnikẹ́ni lójú. Ẹ fi ránṣẹ́ bíi document o. Mo ti sọ ọ́.